Ọmọ Tí Kò Tètè Sọ̀rọ̀: Kí Ni Olùtọ́jú Ọ̀rọ̀ Sísọ Lè Ṣe?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń tu ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tètè sọ̀rọ̀ nínú. Ìrètí dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ nípa ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ń kìlọ̀ pé kí òbí má ṣe fi ìrètí nìkan dúró, nítorí pé ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ láyé ni ọpọlọ ọmọ máa ń gba èdè wọlé jù lọ.

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ yìí kò mọ sórí akólòlò. Àwọn ló ń tọ́jú ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yé, ọmọ tí kò lè to ọ̀rọ̀ pọ̀, ọmọ tó ní ọ́tísìm, àti ọmọ tí ètè tàbí àjà ẹnu rẹ̀ ti là láti inú oyún.

Etí ni wọ́n máa ń ní kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ọmọ tí kò gbọ́ ohùn kò lè sín in jẹ. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2021, mílíọ̀nù 34 ọmọdé lágbàáyé ló nílò ìtọ́jú nítorí àìgbọ́ràn. Àjọ náà ní nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 àìgbọ́ràn ọmọdé ló ṣeé dènà. Àrùn yírunyírun, ibà pọ́njú tó le lára ọmọ tuntun, àti etí tí ọyún ń jáde nínú rẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á.

Lẹ́yìn èyí ni ìtọ́jú yóò bẹ̀rẹ̀, eré ni ó sì máa ń jọ. Olùtọ́jú lè di bọ́ọ̀lù mú, kó dákẹ́, kó máa wo ojú ọmọ títí yóò fi nawọ́ sí i tàbí kó dárúkọ rẹ̀. Bí ọmọ bá ní "bọ́ọ̀lù", olùtọ́jú á ní "bọ́ọ̀lù ńlá", kí gbólóhùn lè máa gùn díẹ̀díẹ̀. Ohun kan náà ni òbí yóò máa ṣe nílé, nídìí oúnjẹ àti nídìí ìwẹ̀, nítorí pé wákàtí kan lọ́sẹ̀ kò tó.

Fún ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ohùn tún wà níbẹ̀. Ìdánwò tí wọ́n ṣe fún ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi hàn bóyá ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Síbẹ̀, àwọn òbí kan a máa pa Yorùbá tì, wọ́n lérò pé èdè méjì ló dí ọmọ lẹ́nu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè tó bá yọ̀ mọ́ òbí lẹ́nu jù ló yẹ kó fi bá ọmọ sọ̀rọ̀. Bákan náà, gígé awọ abẹ́ ahọ́n ọmọ nílé kì í mú ọ̀rọ̀ jáde. Ẹ̀jẹ̀ àti àkóràn ló lè mú wá.

Kí òbí tètè gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn bí kò bá yíjú sí ariwo, bí kò bá sọ ọ̀rọ̀ kankan nígbà tó pé oṣù 18, bí kò bá lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ nígbà tó pé ọdún méjì, tàbí bí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ bá ń pòórá. Ní ti akólòlò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu, kí wọ́n má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn olùtọ́jú yìí kò pọ̀ ní Nàìjíríà, ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn sì wà. Òbí lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun nílé ìwòsàn ìkọ́ni bíi UCH n'Ìbàdàn. Akólòlò yóò pe baba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí baba náà gbéra láti ràn án lọ́wọ́.