Okùn Ìlẹ̀kẹ̀ Inú Gàrí

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ iná. Ta ló fẹ́ da gàrí inú àwo yẹn nù? Fi í sílẹ̀ o, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí. Ojú mi ti rí púpọ̀ ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin yìí. Mo rí i bí wọ́n ṣe kọ́ Festac fún àwọn àlejò àjọ̀dún 1977, tí àwọn ènìyàn dúdú ti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 wá jó, wá kọrin. Síbẹ̀, gàrí ọjà Agbójù ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Omi ni gàrí, ẹ gbọ́. Afẹ́fẹ́ ni. Ewé pákí ló fa omi láti inú ilẹ̀, tó gba èémí tí ẹ̀yin ń mí sóde, tí oòrùn sì bá a so wọ́n pọ̀ di ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní kan tí ojú kò lè rí. Glúkóòsì ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo èédú tó ń jó yìí: ohun tí èédú jẹ́ gan-an, ẹyọ rẹ̀ 6 ló wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú háídírójìn 12 àti ọ́síjìn 6. Àwọn àgbà sì ti wí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn wà nínú oyin àti èso tó pọ́n, iye kan náà, 6, 12, 6, àmọ́ ètò rẹ̀ yàtọ̀, ó sì dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Emil Fischer, ará Jámánì, fi ọ̀pọ̀ ọdún tú àṣírí ètò wọ̀nyí, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1902. So àwọn méjèèjì yìí pọ̀, ṣúgà inú tíì yín nìyẹn. Wàrà náà ní méjì tirẹ̀, tí ikùn ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa kò lè tú mọ́. Bí inú wọn bá ń kùn lẹ́yìn mílíìkì, ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ glúkóòsì bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí okùn kan, ibẹ̀ ni ẹnu ti ń yà sílẹ̀. Okùn mìíràn a lọ́ bí ó ti ń lọ, òmíràn a yọ ẹ̀ka. Òun ló wà nínú gàrí, àti nínú ògì tó rì sísàlẹ̀ omi tútù, tí omi híhó bá kàn án, tó wú, tó dì. Àwọn àlejò 1977 yẹn, ẹni tí ìrẹsì tọ́ dàgbà wà níbẹ̀, ti jéró wà, ti iṣu wà, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà. Èdè wọn ò papọ̀, okùn kan náà ni gbogbo wọn ń gbé mì. Ẹ mú búrẹ́dì tí kò dùn, ẹ jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́títí, ẹ má tíì gbé e mì. Ó ń dùn bọ̀, àbí? Itọ́ yín ló ń já okùn.

Ó dáa, ẹ fọwọ́ kan bùbá ọrùn yín. Òwú ni. Glúkóòsì yẹn kan náà ni! Kìkì pé nínú òwú, bí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá kọjú sókè, èyí tó tẹ̀ lé e a kọjú sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni títí dé òpin. Nítorí ìyẹn nìkan ni okùn náà fi nà gbọọrọ, tó lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó le, tó di aṣọ, tó di pákó, tó di ìwé. Ẹni tí ebi ń pa kò lè jẹ bùbá rẹ̀, torí ara wa fúnra rẹ̀ kò ní ohun tó lè já okùn yẹn. Ewúrẹ́ tó ń jẹ bébà létí títì kò gbọ́n jù wá. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú ikùn rẹ̀ ló ń bá a já a.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ́ akàn tí wọ́n mú nínú ọ̀sà wa, tí ẹ ń tu èèpo rẹ̀ dà sí ààtàn, ṣé ẹ mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ yẹn náà wà nínú rẹ̀, tí náítírójìn díẹ̀ kún un? Ìbátan ṣúgà lẹ̀ ń dà nù yẹn.