Ọmọ Wa, Ta Lò Ń Pe Ara Ẹ Lórí Fóònù?

  

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa la fẹ́ bá yín sọ. Ẹni tó bá gba etí òkun Oníru kọjá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tàbí tó dé iwájú The Palms tí wọ́n ṣí lọ́dún 2005, á rí wọn: fóònù lọ́wọ́, ètè pípọ́n, wọ́n ń ya ara wọn ní fọ́tò. Kó tó dalẹ́, fọ́tò ọ̀hún ti dé orí Instagram àti TikTok. Ẹni tó bá rí i á ní ọmọ olówó Lekki nìyí. Bẹ́ẹ̀, àwa mọ̀ pé òmíràn nínú wọn, ata tí ìyá ẹ̀ ń tà lọ́jà la fi ra fóònù yẹn.

Ká má tètè bẹ̀rẹ̀ èébú o. Ṣebí àwa náà ṣe é! Nígbà tí a wà lọ́mọge, ta ni kò yá gèlè tàbí aago ọwọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ sílé onífọ́tò? A ó dúró níwájú aṣọ tí wọ́n ya òdòdó sí, a ó gbé tẹlifóònù tí kò ní wáyà sétí. Ọmọbìnrin fẹ́ kí ayé rí òun bó ṣe wuyì, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ fọ́tò tiwa, ẹ̀dà méjì mẹ́ta ni, inú álíbọ́ọ̀mù ló ń gbé, àlejò tó bá wálé ló ń rí i. Tiwọn, ojú tí wọn ò mọ̀ rí ló ń wò ó, kò sì ṣeé kó padà.

Ibi tó ti ń dùn wá ni pé àwọn kan ti ń fi ìyá wọn pamọ́. Wọn ò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ orí fóònù mọ̀ pé abẹ́ agboòrùn lowó ti ń wá. Lẹ́yìn ìyẹn, fọ́tò á bèèrè wíìgì tuntun, á bèèrè bàtà, á bèèrè bàágì. Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Aṣọ lọmọ ń rí lára ẹlòmíì lórí fóònù, kò rí àkísà tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Fóònù á tún sọ ojú dúdú di pupa, ọmọ á wá máa fi ìpara ìbóra lé ojú orí fóònù yẹn kiri. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìpara, ẹ gbọ́ o: mẹ́kúrì inú òmíràn ń ba kíndìnrín jẹ́, NAFDAC sì ti kọ̀ ọ́.

Ẹ rántí Ọlájùmọ̀kẹ́ Òrìṣàgúnà, ọmọ ìlú Ìrè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, ó ń kiri búrẹ́dì Agége nígbà tí TY Bello ń ya olórin Tinie Tempah ní fọ́tò. Ọlájùmọ̀kẹ́ ń kọjá lọ, ó sì bọ́ sínú fọ́tò náà, tòun ti ẹrù búrẹ́dì lórí. Nígbà tí TY Bello gbé e sórí Instagram, gbogbo ayé ń bèèrè, "Ta lọmọ yìí?" Wọ́n wá a kàn, ó sì di módẹ́lì, ojú ẹ̀ sì hàn lára èèpo iwájú ìwé ìròyìn ThisDay Style. Kò yá aṣọ ẹnikẹ́ni wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹrù orí ẹ̀ ló polówó ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ka ìwé yìí fún ìyá yín, ẹ ṣoge yín, ó yẹ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má sẹ́ àtẹ tó bọ́ yín. Ẹ ya ọjà ìyá yín náà, ẹ kọ iye rẹ̀ sí i, ẹ gbé e sórí WhatsApp, oníbàárà á rí i. Ẹ má gbé ibi tí ẹ wà síta àfi tí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀. Ẹ má fi fọ́tò ìhòòhò ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni, ì báà jẹ́ àfẹ́sọ́nà.

Ẹ̀yin ìyá, tí ẹnì kan bá ń fi fọ́tò dẹ́rù ba ọmọ yín, tó ń bèèrè owó, ẹ má lé ọmọ nílé, ẹ má sì sanwó. Ẹ ní kó tọ́jú gbogbo ohun tí onítọ̀hún kọ sí i, kẹ́ ẹ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, tàbí ọ̀dọ̀ àjọ DSVA ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà mú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù pé ìyá á pariwo lé òun lórí kò ní sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi bàjẹ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fọmọ ṣòfò. Àwọn ọmọ wa ò ní tijú wa, àwa náà ò ní tijú wọn.