Ayò Ọlọ́pọ́n: Ogun Tí A Kì í Fi Ebi Jà

Àgọ́ ogun ni Ìbàdàn kí ó tó di ìlú. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, tí wọn kò sì tú àgọ́ náà ká mọ́. Títí di òní, orúkọ ogun ni ó kún inú oyè ìlú náà: Balógun, Ọ̀tún Balógun, Òsì Balógun, Jagun. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Dùgbẹ̀ lọ sí Challenge lè má rántí èyí, nítorí Ilé Kòkó ni ojú rẹ̀ yóò máa wò, kì í ṣe ibùdó ọmọ ogun. Síbẹ̀, ogun kan kù tí a ṣì ń jà ní ìlú yìí ní ọ̀sán gangan, níwájú ìsọ̀ káfíńtà, lábẹ́ igi fúrúùtù, ní ẹnu ọ̀nà ilé àwọn àgbàlagbà. Igi gbígbẹ́ ni pápá rẹ̀, èso igi ni ọmọ ogun rẹ̀. Ayò ni mò ń wí.

Mo kọ́ ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ èdè Yorùbá ní yunifásítì, mo sì ti gbọ́ tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ń pe ayò ní eré ìṣirò. Wọn kò parọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ tán. Ayò jẹ́ eré ogun. A ń gbógun nínú rẹ̀, a ń sá, a ń lúgọ, a ń kó ẹrù ogun. Bí ẹ bá sì ta á dé ìdí, ẹ ó bá òfin kan pàdé níbẹ̀ tí àwọn ológun gidi kò lè pa mọ́ nígbà ayé wọn. Kí n tó dé orí òfin náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ta ayò.

Pápá ogun àti àwọn ọmọ ogun

Ihò méjìlá ni ó wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà ní ìhà ọ̀dọ̀ yín, mẹ́fà ní ìhà ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ jọ ń ta. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ 48. Orí igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí òun náà ń jẹ́ ayò ni a ti ń ká èso yìí. Ó le bí òkúta, ó ń dán, àwọ̀ eérú sì ni àwọ̀ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan: àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Nínú eré ṣẹ́ẹ̀sì, ọmọ ogun funfun wà, dúdú wà, èyí tí wọ́n bá sì pa ti kúrò lójú ogun nìyẹn. Ayò kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ayò kò ní olúwa kan pàtó. Ìhà tí ó bá wà ni ó ń bá jà. Èyí tí ẹ fi gbógun lówùúrọ̀ lè máa ba yín jà lọ́sàn-án. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ogun ilẹ̀ Yorùbá kò ní ṣe háà. Yorùbá sí Yorùbá ni wọ́n jà jù lọ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ẹni tí Ìbàdàn kó lẹ́rú lójú ogun ni ó sì padà di ọmọ ogun Ìbàdàn.

Bí a ṣe ń ta á

Ẹni tí ó kàn yóò yan ihò kan ní ìhà tirẹ̀, yóò kó gbogbo ọmọ inú rẹ̀, yóò sì máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ihò tí ó tẹ̀ lé e, láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, títí yóò fi kọjá sí ìhà kejì. Bí ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ bá pọ̀ tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò yí ọpọ́n po, yóò sì fo ihò tí ó ti kó wọn, kí ihò náà lè wà lófìfo.

Ibi tí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ni ó ń sọ ẹni tí ó jẹ. Bí ó bá bọ́ sí ihò kan ní ìhà ọ̀tá, tí iye tí ó wà níbẹ̀ sì wá di 2 tàbí 3, ẹ ó kó wọn. Bí ihò tí ó ṣáájú rẹ̀, ní ìhà ọ̀tá kan náà, bá ti di 2 tàbí 3 pẹ̀lú, ẹ ó kó ìyẹn náà, ẹ ó sì máa padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi kan èyí tí iye rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kó ọmọ 25 ti borí. Bí ó bá jẹ́ 24 sí 24, ọ̀mì ni.

Fún àpẹẹrẹ, ká ní ọmọ 3 ni ó wà nínú ihò yín tí ó kángun sí ọwọ́ ọ̀tún. Ní ìhà ọ̀tá, ihò àkọ́kọ́ ní 4, èkejì ní 1, ẹ̀kẹta ní 2. Bí ẹ bá ta 3 yẹn, ihò àkọ́kọ́ yóò di 5, èkejì yóò di 2, ẹ̀kẹta yóò di 3. Ẹ ó kó 3, ẹ ó kó 2, 5 yóò sì dá yín dúró. Ọmọ 5 ni ẹ kó lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọgbọ́n ogun

Ẹni tí kò mọ ayò ta ni à ń pè ní ọ̀pẹ̀. Ọ̀ta ni ògbóǹkangí. Ohun tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé ohun tí ọ̀pẹ̀ fẹ́ jẹ ni ó ń wò, nígbà tí ọ̀ta ti kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n lè jẹ lára òun. Ìhà tí ihò rẹ̀ ní 1 tàbí 2 ni ó ṣí sílẹ̀ fún ogun. Èyí tí ó ní 3 sókè kò sí nínú ewu lójú ẹsẹ̀, nítorí ọmọ kan tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò sọ ọ́ di 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó ṣófo yóò kàn di 1.

Bí wọ́n bá dojú ogun kọ ihò yín, ọ̀nà àbáyọ tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ mẹ́rin. Ẹ lè kó àwọn ọmọ náà kúrò níbẹ̀. Ẹ lè fi ọmọ kún wọn kí iye wọn kọjá ohun tí wọ́n lè jẹ. Ẹ lè fi ọmọ kan kún ihò tí ọ̀tá fẹ́ fi gbógun, kí ọwọ́ rẹ̀ lè ré ibi tí ó ń fojú sùn kọjá. Bí kò bá sí èyí tí ó ṣeé ṣe nínú mẹ́ta yìí, ẹ dojú ogun tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ ọ́ ní ibòmíràn, kí ó yan èyí tí yóò gbà là.

Ohun ìjà tí ó lágbára jù ni odù, ìyẹn ihò tí a kó ọmọ jọ sí títí tí ó fi lè yí ọpọ́n po. Bí ẹ bá ní ọmọ 14 nínú ihò yín tí ó kángun sí ọwọ́ ọ̀tún, yóò gba ìhà ọ̀tá kọjá, yóò yí ìhà tiyín, yóò sì tún padà fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún ihò mẹ́ta àkọ́kọ́ ọ̀tá. Bí àwọn ihò mẹ́ta náà bá ti ṣófo tẹ́lẹ̀, tàbí tí wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kó odù jọ ń fi ọmọ púpọ̀ sí ojú kan, ibi tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀ sì lè gbẹ. Ìdí nìyí tí ọ̀ta fi ń ka iye ìgbésẹ̀ tí ó kù fún un kí ó tó fi ọwọ́ kan odù rẹ̀. Ojú sì ni ó fi ń kà á, kì í ṣe ìka.

Òfin oúnjẹ

Òfin tí mo tìtorí rẹ̀ kọ àròkọ yìí nìyí. Bí ìhà ọ̀tá yín bá ṣófo pátápátá, tí ó sì kàn yín láti ta, ẹ kò gbọdọ̀ ta ohun tí kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dandan ni kí ẹ ta èyí tí yóò fún un ní ọmọ. Àfi bí kò bá sí èyíkéyìí tí ó lè dé ibẹ̀ ni eré yóò parí, tí ẹ ó sì kó ohun tí ó kù ní ìhà yín. Ní ti kíkó gbogbo ọmọ ọ̀tá tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òfin rẹ̀ yàtọ̀ láti àdúgbò kan sí èkejì. Ẹ fẹnu kò lé e lórí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Mo rí bí òfin yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ ní tòsí ìsọ̀ pákó ní Bódìjà ní ọjọ́ Sátidé kan. Bàbá àgbàlagbà kan ń ta pẹ̀lú awakọ̀ kan. Bàbá ti kó 22, awakọ̀ ti kó 17. Awakọ̀ ta ẹyọ kan ṣoṣo tí ó kù ní ìhà rẹ̀, ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí ó ṣẹ́kù sì wà lọ́dọ̀ bàbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lára àwọn òǹwòran ké pé, “Bàbá, ẹ kúkú ta ti àárín yẹn, kò lè débẹ̀!” Bàbá kó ọmọ mẹ́rin tí ó wà nínú ihò ìkángun rẹ̀, ó sì pín wọn fún awakọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bu oúnjẹ. Ó wá wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó ní, “Ọmọ mi, bí ẹni tí mò ń bá ta ò bá ní ayò lọ́wọ́, ta ni mò ń bá ta?” Eré náà parí sí 27 sí 21. Bàbá ni ó borí.

Ìjàyè, 1862

Ẹ fi ìyẹn wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Bódìjà. Lẹ́yìn tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù, ọmọ Àtìbà, ní ọba. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Balógun Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá sì wà lára àwọn tí ó ṣíwájú àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn. Àwọn Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́, ogun náà sì ta kókó.

Ohun tí ó tú kókó náà kì í ṣe ìbọn nìkan. Ìbàdàn dí ọ̀nà oko àti ọ̀nà Òkè-Ògùn tí oúnjẹ Ìjàyè ti ń wá. Ebi wọ ìlú. Àwọn òbí fi ọmọ wọn sọfà nítorí oúnjẹ, àwọn mìíràn sì kú sójú ọ̀nà. Kúrunmí fúnra rẹ̀ kú ní 1861, ìlú náà fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862. Títí di òní, àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta ń jẹ́ Ìjàyè nítorí àwọn tí ó sá lọ síbẹ̀.

Ìbàdàn borí, ṣùgbọ́n wọ́n fi irú ogun yẹn jẹ òun náà níyà. Ní 1877, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà òkun mọ́ ọn, kí ẹ̀tù ìbọn àti iyọ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀ láti dìde sí i, Ìlọrin sì wà lẹ́yìn wọn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ogun Kírìjì gbà, títí di 1893. Látòóṣà, Ààrẹ Ìbàdàn, kú sí ibùdó ogun ní 1885 láìrí òpin rẹ̀. Ìlú tí ó ti kó ọmọ jọ sí ibi púpọ̀ wá bá ara rẹ̀ níbi tí gbogbo ìhà ti ń dojú ogun kọ ọ́.

N kò sọ pé ogun Ìjàyè ni ó bí òfin oúnjẹ. Eré yìí kì í ṣe ti Ìbàdàn nìkan. Àwọn ará Ghana ń ta irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní oware, àwọn ará Ivory Coast ń pè é ní awalé, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sì gbé e dé erékùṣù Antigua. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn baba wa mọ ogun tí a ń fi ebi jà, wọ́n jà á, wọ́n jìyà rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá jókòó ti ọpọ́n, wọn kò gbà á láàyè.

Ẹ̀kọ́ èyí kò ṣòro láti mú dé ọ̀dọ̀ àwa ọ̀dọ́ tí a ń wá oúnjẹ ní ìlú yìí. Oníṣòwò kan ní Àgbowó lè ta ọjà rẹ̀ ní iye tí yóò pa ìsọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ run. Ọ̀gá lè fún ọmọ iṣẹ́ ní owó tí kò ní tó o wọ ọkọ̀. Tọkọtaya lè bínú títí tí ẹnìkan yóò fi ti ọ̀nà owó tàbí ọ̀nà ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnìkejì. Irú wọn borí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè bàbá Bódìjà ń dúró dè wọ́n: ta ni ẹ ó wá máa bá ta? Fífún ọ̀tá ní ọmọ kì í ṣe ìwà ọ̀dẹ̀. Ọ̀ta mọ ihò tí yóò ti fún un, ó mọ iye tí yóò fún un, ó sì ti ka ohun tí yóò kù fún òun.

Ní ọdún 2002, onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, lo kọ̀ǹpútà láti yẹ gbogbo ipò tí ọpọ́n lè wà nínú awari, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá ayò, wò. Ó ju 889 bílíọ̀nù lọ. Àbájáde wọn ni pé bí àwọn méjèèjì bá ta á láìṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni yóò jẹ́. Ẹni tí ó bá borí, ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ló ti rí i.

Bí ẹ kò bá ní ọpọ́n, ẹ gé ojú ihò méjìlá kúrò lára kírééètì ẹyin, mẹ́fà-mẹ́fà ní ìlà méjì, kí ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ 48. Ẹ pe ẹnìkan tí ó dàgbà jù yín lọ ní ilé tàbí ní àdúgbò, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì ní kí ó kọ́ yín. Yóò jẹ yín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọn yóò sì pè yín ní ọ̀pẹ̀. Ẹ má bínú. Ẹ ṣáà máa kà, ẹ má sì jẹ́ kí ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣófo.