Àwọn Olùyẹ̀wò Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn: Ta Ló Rán Wọn, Ta Ni Wọ́n Ń Jábọ̀ Fún?

 Ìbéèrè kan wà tó máa ń dé tábìlì ìmọ̀ràn wa: "Wọ́n ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ́lé, a ò mọ ohun tó ṣe. Ẹnìkan ní ká kọ̀wé sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ṣé wọ́n á dá wa lóhùn?" Ẹlòmíràn á ní òun ti rí ẹni tó lè bá òun gbé ọ̀rọ̀ náà débẹ̀, pé owó díẹ̀ ló kù. Nítorí èyí ni a ṣe jókòó láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹẹsẹ, kí kálukú lè mọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tí kò sí níbẹ̀.

TA NI WỌ́N?

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí gbogbo wa mọ̀ sí UN, ní ìgbìmọ̀ kan ní ìlú Geneva tí à ń pè ní Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn. Orílẹ̀-èdè 47 ló ń jókòó níbẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti rọ́pò Kọmíṣọ̀nù Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti àtijọ́. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń yan àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn. Orúkọ oyè wọn ni Special Rapporteur. Àwọn mìíràn ń jẹ́ Independent Expert, àwọn kan sì wà tó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún. Nínú ìwé wa yìí, olùyẹ̀wò la ó máa pè wọ́n.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ wọn pín sí. Àwọn kan ń mójú tó ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo káàkiri ayé: ìfìyàjẹni, pípa ènìyàn láìsí ìdájọ́, ìṣẹ́ àti òṣì, ẹ̀tọ́ àwọn aṣíkiri. Àwọn kejì ń mójú tó orílẹ̀-èdè kan. Ti àwọn aṣíkiri, tó kan àwa gan-an, ọdún 1999 ló bẹ̀rẹ̀.

Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ UN, wọn kì í sì í gba owó oṣù fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tàbí lọ́yà, tàbí adájọ́ tẹ́lẹ̀ rí. UN ń gbọ́ bùkátà ìrìn àjò wọn, ó sì ń fún wọn ní òṣìṣẹ́ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọdún mẹ́fà ni ẹnìkan lè pẹ́ jù lọ lórí iṣẹ́ kan. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kí ìjọba kankan má baà fi owó dí wọn lẹ́nu.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni èmi tí mo kọ èyí kọ́, ọ́dítọ̀ ni mo sì máa fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Ọ́dítọ̀ kì í ṣe ọmọ ilé iṣẹ́ tó wá yẹ̀ wò. Kò lè lé máníjà, kò sì lè ti akápò mọ́lé. Ohun tó ń ṣe ni pé á béèrè ìwé, á bi akápò, á bi ẹni tó ta ọjà, á kọ ohun tó rí sílẹ̀, á fọwọ́ sí i, á wá kà á sétí àwọn tó ni ilé iṣẹ́. Agbára rẹ̀ kò ju pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ ìwé, kò sì sẹ́ni tó tún lè ní òun ò gbọ́. Bí àwọn olùyẹ̀wò wọ̀nyí ṣe rí náà nìyẹn.

BÁWO NI WỌ́N ṢE Ń ṢIṢẸ́?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì jù.

Èkíní ni lẹ́tà. Bí ẹni tí wọ́n hùwà àìdáa sí, tàbí ẹbí rẹ̀, tàbí ẹgbẹ́ kan bá kọ̀wé sí olùyẹ̀wò, olùyẹ̀wò lè kọ lẹ́tà sí ìjọba tí ọ̀rọ̀ kàn: "A gbọ́ báyìí báyìí. Ṣé òótọ́ ni? Kí lẹ ti ṣe sí i?" Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, lẹ́tà kánjúkánjú ni wọ́n máa ń kọ. Fún lẹ́tà tí kì í ṣe ti kánjúkánjú, ìjọba ní ọgọ́ta ọjọ́ láti fèsì kí wọ́n tó gbé lẹ́tà náà síta fún gbogbo ayé. Bí ìjọba bá fèsì, èsì náà á jáde. Bí kò bá fèsì, gbogbo ayé á rí i pé kò fèsì.

Èkejì ni ìbẹ̀wò. Olùyẹ̀wò kò lè ṣàdédé wọ ìlú onílùú. Ìjọba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ pè é. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé, àdéhùn wà: wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, kó bá ẹlẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ tẹnu mínísítà, ó ń gbọ́ tẹnu ọlọ́pàá, ó sì ń gbọ́ tẹnu ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ṣáà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ̀kẹta ni àbọ̀. Lẹ́yìn ìbẹ̀wò, olùyẹ̀wò á kọ àbọ̀ rẹ̀, ìjọba á kọ́kọ́ kà á kí ó lè tọ́ka sí ohun tó bá ṣì kọ. Lẹ́yìn náà ni olùyẹ̀wò á dìde níwájú ìgbìmọ̀ ní Geneva, á jábọ̀, ìjọba tí ọ̀rọ̀ kàn á sọ tirẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè tó kù á bi í léèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ń lọ jábọ̀ fún àpéjọ gbogbo orílẹ̀-èdè ní New York lọ́dọọdún.

BÓ ṢE RÍ NÍ NÀÌJÍRÍÀ

Àwa tí a ti dàgbà díẹ̀ kò lè gbàgbé November 10, 1995, ọjọ́ tí ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn ọmọ Ogoni mẹ́jọ mìíràn. Lọ́dún 1996, ọ̀gá àgbà UN rán ẹni mẹ́ta lọ wádìí. Atsu-Koffi Amega, adájọ́ láti Togo, ló ṣáájú wọn. Àwọn olùyẹ̀wò méjì, Bacre Waly Ndiaye láti Senegal àti Param Cumaraswamy láti Malaysia, náà fẹ́ lọ. Ìjọba kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n rí àwọn kan tó wà ní àtìmọ́lé, wọn kò sì lọ mọ́. Ọ́dítọ̀ tí wọ́n bá ní kó má ṣí àpótí owó, kí ló fẹ́ wá kọ?

Lọ́dún 1997, Kọmíṣọ̀nù ní kí wọ́n yan olùyẹ̀wò kan fún Nàìjíríà nìkan. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ni Soli Sorabjee, àgbà lọ́yà láti India. Ìjọba Abacha kò gbà á láyè kó wọlé. Síbẹ̀ ó kọ àbọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1998. Báwo ló ṣe rí i kọ? Ìwé àti ẹ̀rí tí àwọn ènìyàn kó fún un ló lò. Abacha kú ní June 8, 1998. Ìjọba Abdulsalami Abubakar ṣílẹ̀kùn, Sorabjee dé Nàìjíríà ní November ọdún yẹn, ó sì jábọ̀ lọ́dún 1999. Nígbà tí ìjọba alágbádá ń bọ̀, wọ́n parí iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì kò ní kí àbọ̀ má jáde, bí àwọn tó mọ̀ bá ti kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn mìíràn tún lọ lẹ́yìn rẹ̀. Philip Alston lọ lọ́dún 2005, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọlọ́pàá ń pa ènìyàn, wọ́n á sì ní adigunjalè ni. Manfred Nowak lọ lọ́dún 2007, ó rí i pé ìfìyàjẹni wọ́pọ̀ ní àtìmọ́lé ọlọ́pàá. Agnes Callamard lọ lọ́dún 2019 lórí ọ̀rọ̀ ìpànìyàn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde lórí SARS ní October 2020, ohun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ ti wà nínú àbọ̀ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyẹn fi hàn wá pé òótọ́ ni wọ́n ń kọ, ó sì tún fi hàn wá pé kíkọ nìkan kò tó.

WỌ́N TI DÉ ATLANTA NÁÀ

Ẹ má rò pé ìlú àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ní April àti May 2007, Jorge Bustamante, ọmọ Mexico tó jẹ́ olùyẹ̀wò lórí ẹ̀tọ́ àwọn aṣíkiri nígbà náà, wá sí Amẹ́ríkà. Ó dé Atlanta níbí, ó gbọ́ tẹnu àwọn ènìyàn. Ó wọ ibi àtìmọ́lé kan ní Florence, Arizona. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó wọ Hutto ní Texas, níbi tí wọ́n ń ti àwọn òbí mọ́ pẹ̀lú ọmọ wọn, wọn kò sì jẹ́ kó wọ ti Monmouth ní New Jersey. Lọ́dún 2008 ó jábọ̀ ní Geneva pé Amẹ́ríkà ń ti aṣíkiri mọ́lé jù, pé kí wọ́n yé fi dandan ti ènìyàn mọ́lé láìwo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ Hutto lọ sí kóòtù lọ́dún 2007. Nígbà tó di 2009, ìjọba ní òun kò ní kó ìdílé síbẹ̀ mọ́. Kì í ṣe àbọ̀ nìkan ló ṣe é. Àwọn lọ́yà wà níbẹ̀, àwọn oníròyìn wà níbẹ̀, àbọ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Philip Alston kan náà tó lọ sí Nàìjíríà wá sí Amẹ́ríkà ní December 2017 lórí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́. Ó dé Georgia. Ní 2023, àwọn ọ̀mọ̀ràn UN lórí ìdájọ́ òdodo láàárín ẹ̀yà àti iṣẹ́ ọlọ́pàá wá, Atlanta sì wà nínú ìlú mẹ́fà tí wọ́n yà sí.

Amẹ́ríkà jáde nínú ìgbìmọ̀ yẹn ní June 2018, ó padà wọlé ní 2022, ìjọba tún pàṣẹ ní February 2025 pé òun kò ní bá ìgbìmọ̀ náà ṣe mọ́. Èyí lè mú kí ìbẹ̀wò ṣòro. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti kọ lẹ́tà.

OHUN TÍ WỌN KÒ LÈ ṢE

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Olùyẹ̀wò kì í ṣe adájọ́. Kò lè fagi lé ẹjọ́ ìmígírésọ̀n, kò lè dá ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ gbé ènìyàn padà dúró, kò lè fún ẹnikẹ́ni ní gíríìnì káàdì. Lẹ́tà sí Geneva kò dá ọjọ́ kóòtù yín dúró. Ẹni tó ń wá ààbò, tí à ń pè ní àsáílọ́ọ̀mù, gbọ́dọ̀ fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọdún kan tó dé Amẹ́ríkà, àfi bí ìdí pàtàkì tí òfin mọ̀ bá wà. Ẹni tó ń dúró de èsì Geneva títí ọdún kan fi kọjá ti ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá.

Ẹ tún rántí pé láti 2024 ni òfin Georgia ti pàṣẹ pé kí àwọn tó ń ṣọ́ jéèlì káúńtì máa wádìí pépà ẹni tí wọ́n bá mú wá, kí wọ́n sì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ICE. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà láìní láísẹ́ǹsì lè di ọ̀rọ̀ ìmígírésọ̀n. Lọ́yà lẹ máa kọ́kọ́ wá.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

1. Bí wọ́n bá ti mú ẹnìkan yín, ẹ wá nọ́ńbà A rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ìmígírésọ̀n fún un, àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí i sí. Àwọn ni ẹ ó fi wá ibi tí wọ́n tì í mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ICE. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìdílé ní nọ́ńbà yìí nípamọ́ kí wàhálà tó dé.

2. Lọ́yà, tàbí aṣojú tí ìjọba àpapọ̀ fún ní àṣẹ, nìkan ló lè gbà yín nímọ̀ràn òfin ìmígírésọ̀n. Ẹni tó kàn mọ fọ́ọ̀mù kọ kì í ṣe lọ́yà.

3. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń kọ ìwé owó: ọjọ́, wákàtí, ibi, ta ló wà níbẹ̀, kí ni wọ́n sọ. Ẹ ya ohun tí ẹ fojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ gbọ́. Ẹ tọ́jú ìwé ilé ìwòsàn, ìwé kóòtù àti fọ́tò.

4. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí olùyẹ̀wò, ọ̀fẹ́ ni. Fọ́ọ̀mù wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn UN ní Geneva. Kò pọn dandan kí ẹ ti parí ẹjọ́ ní kóòtù. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó bá yín fi ránṣẹ́ sí UN, ẹ sá fún un.

5. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Wọ́n máa ń pa orúkọ ẹni tó kọ̀wé mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ìyà jẹ lè dé ọwọ́ ìjọba, ó sì lè jáde síta. Bí ẹ bá ní ìyá tàbí àbúrò nílé tí èyí lè kó bá, ẹ rò ó dáadáa, kí ẹ sì sọ ọ́ nínú fọ́ọ̀mù pé ẹ kò fẹ́ kí orúkọ jáde.

6. Ẹni tó ń wá àsáílọ́ọ̀mù, ẹ bi lọ́yà yín bóyá àbọ̀ olùyẹ̀wò kan wà lórí irú ohun tó lé yín kúrò nílé. Adájọ́ lè kà á mọ́ ẹ̀rí. Kò ní sọ pé ìwọ ni wọ́n nà, ṣùgbọ́n á fi hàn pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, àǹfààní tó sún mọ́ wa jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun to ìwé rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ kí ó tó lọ rí lọ́yà, kó mú ẹ̀dà wá sí tábìlì ìmọ̀ràn wa, kó fi ojúlówó sílé. A kì í gba kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá sì ti fún yín ní ọjọ́ kóòtù, ẹ sọ fún wa kí ẹ tó jókòó, torí ọjọ́ yẹn ni a ó kọ́kọ́ wò.