Kẹ̀kẹ́ Ológeere Àtijọ́ àti Iye Tí Ó Wà Lára Rẹ̀

Bóyá ní ẹ̀yìn ilé ẹlòmíràn nínú yín, lábẹ́ páànù ògbólógbòó, kẹ̀kẹ́ ológeere kan wà tí ó fi ara ti ògiri, tí ìpẹtà ti bò ó, tí àwọn adìẹ sì ń sùn lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti bàbá mi rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò Tẹ́júoṣó láti ra irin àlòkù dúró ní ẹnu ọ̀nà wa. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà wò, ó wọ̀n ọ́n, ó sì dá owó lé e. Owó náà kò tó èyí tí a fi ń ra ìrẹsì ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti fẹ́ gbà á, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti inú ilé jáde wá.

Ó ní, "Bàbá Ṣẹ́gun, ṣé kẹ̀kẹ́ tí Bàbá fi gbé ọ lọ ṣe ìrìbọmi ni o fẹ́ wọ̀n tà bí irin jíjẹrà?"

Ojú tì mí, mo sì ní kí ọmọkùnrin náà máa lọ.

Kí a tó sọ iye rẹ̀ lónìí, ó yẹ kí a rántí ohun tí ó jẹ́ rí. Ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe Raleigh. BSA àti Hercules sì ti Birmingham wá. Àwọn ilé ìtajà ńlá, bíi UAC àti John Holt, a máa tà kẹ̀kẹ́ fún àwọn baba wa. Bí olùkọ́, akọ̀wé, katikíìsì tàbí àgbẹ̀ kòkó bá ra ọ̀kan, gbogbo àdúgbò ni yóò jáde wá wò ó, a ó sì gba ìwé àṣẹ fún un bí a ti ń gbà fún ọkọ̀ lónìí. Kò sí ẹni tí ó lè gbàgbé ìró agogo rẹ̀ ní ọ̀nà oko.

Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970. Alùpùpù àti ọkọ̀ pọ̀ sí i, ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ sì di ẹni tí a ń káàánú. Nígbà tí agbára náírà wálẹ̀ láti ọdún 1986, àwọn ẹ̀yà ara tí ń ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n. Báyìí ni ohun tí baba fi ṣe ìgbéraga ṣe di ohun tí ọmọ ń fi ọmọlanke kó lọ.

Ṣùgbọ́n ní ibòmíràn, àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ tipẹ́tipẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Veteran-Cycle Club ti wà láti ọdún 1955. Ní Ítálì, láti ọdún 1997, àwọn kan ń péjọ ní Gaiole láti gun kẹ̀kẹ́ àtijọ́ lójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀. Wọ́n ń pe ìrìn náà ní L'Eroica, àwọn kẹ̀kẹ́ eré ìje tí a ṣe ṣáájú ọdún 1987 ni a sì ń lò níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí tan yín jẹ o. Kẹ̀kẹ́ dúdú tí a ń gùn ní òòró, irú ti bàbá mi, kò ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 1951, Raleigh nìkan ṣe ju mílíọ̀nù kan lọ. Ohun tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í di wúrà ní ọjọ́ kan.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbàlagbà atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan tí ń jókòó nítòsí ojú irin, kò jìnnà sí ọjà. Nígbà tí ọjà Tẹ́júoṣó jóná ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, àpótí ẹ̀yà àtijọ́ rẹ̀ bá a lọ, àtúnkọ́ ọjà náà tí a ṣí ní ọdún 2014 kò sì dá a padà fún un. Ó fi aṣọ pa irin àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, ó sì fi ìka hàn mí: orúkọ Sturmey-Archer, àti nọ́ńbà 52. Ọdún tí a ṣe irin náà nìyẹn. Ó kìlọ̀ fún mi pé a lè ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, nítorí náà kí n wo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àpẹẹrẹ, kẹ̀kẹ́ ìgbà ogun 1939 sí 1945 a máa ní ọ̀dà dúdú níbi tí ti àlàáfíà ti ń dán.

Lẹ́yìn náà ni ó mi orí. "Ọmọ mi, ìjókòó yìí kọ́ ni ó bá a wá. Fọ́ọ̀kì yìí náà kọ́. Ta ni ó ṣe èyí?"

Èmi ni. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo sanwó fún alátùn-únṣe kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, kí ó sọ ọ́ di tuntun. Ó mú ìjókòó awọ Brooks lọ, ó mú iná iwájú lọ, ó sì fi ike dídán rọ́pò wọn. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Mo tilẹ̀ ti ra ọ̀dà tí n ó fi kùn ún. Bàbá náà ní kí n lọ dá ọ̀dà náà padà, nítorí pé ọ̀dà àkọ́kọ́, bí ó ti wù kí ó ṣí tó, ni olùrà ń wá.

Ọkùnrin kan láti Sùúrùlérè, tí ó ń kó wọn jọ, wá wò ó. Ó dá owó tí ó ju ti ọlọ́mọlanke lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ó sì béèrè bóyá a ní ìwé tí Bàbá fi rà á, tàbí àwòrán ibi tí ó ti ń gùn ún, nítorí pé ìwọ̀nyí a máa fi kún iye rẹ̀. Àwòrán wà. Ẹ̀gbọ́n mi mú un jáde láti inú Bíbélì, ó wò ó títí, ó sì tún dá a padà sínú rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ náà ṣì wà lábẹ́ páànù, ṣùgbọ́n a ti lé àwọn adìẹ kúrò lórí rẹ̀.