Ọyẹ́ Kọ́ Ló Ń La Títì Adó-Èkìtì

Bí ọyẹ́ bá mú ní Adó-Èkìtì, ètè a là, pátákó ilẹ̀kùn a sán. Ẹni tó bá wá rí ìlà gbọọrọ lójú títì ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ lásìkò yẹn lè sọ pé ọyẹ́ náà ló fà á. Ẹ̀sùn yẹn kò tọ́ sí ọyẹ́.

Òtútù máa ń la títì lóòótọ́, ṣùgbọ́n òtútù Kánádà ni. Níbẹ̀, bí òtútù bá já wálẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ọ̀dà á fẹ́ súnkì, ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ kò sì ní jẹ́ kó súnkì. Ibi tí agbára rẹ̀ bá pin sí ló máa já, ìlà á sì dábùú títì láti etí kan dé èkejì. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe láti 1987 sí 1993, fi ń fi nọ́ńbà méjì pe ọ̀dà. Èyí tó ń jẹ́ PG 64-22 kò gbọdọ̀ yọ́ ju bó ṣe yẹ lọ títí ooru títì á fi dé 64 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò sì gbọdọ̀ sán títí òtútù á fi dé 22 nísàlẹ̀ òdo.

Ní Adó, òru ọyẹ́ kì í sábà tutù tó 15. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló kàn wá, nítorí pé lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ojú títì lè gbóná kọjá 55. Ooru yẹn àti afẹ́fẹ́ ló ń gbẹ ọ̀dà díẹ̀díẹ̀. Títì tó dúdú kirikiri nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ á di aláwọ̀ eérú, á le koránkorán, kò sì ní lè tẹ̀ mọ́ bí ẹrù bá gun orí rẹ̀.

Ẹrù ọ̀hún kì í sì í ṣe kékeré. Tírélà sìmẹ́ńtì àti típà tó kó òkúta ń gba ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìkẹ́rẹ́ wọ Adó. Láti 1958 sí 1960, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù dán títì wò ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n rí yani lẹ́nu: bí ẹrù tó wà lórí táyà bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ títì á tó ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Títì tí ẹrù bá ti jẹ ni í fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹ̀yìn ọ̀nì.

Omi ló wá ń parí iṣẹ́. Láti bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, òjò Èkìtì ń wọ inú ìlà, ó ń rọ ilẹ̀ amọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà bá tún dí gọ́tà, omi á dúró, táyà á máa tẹ̀ ẹ́, ẹrẹ̀ á máa tú jáde. Kòtò dé nìyẹn.

Nítorí náà, àsìkò ọyẹ́ gan-an ló yẹ ká fi tọ́jú títì. Ìlà gbẹ nígbà náà, ó sì yanu. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n da ọ̀dà gbígbóná sí i, kí wọ́n wọ́n yanrìn lé e lórí. Èyí tó bá ti di ẹ̀yìn ọ̀nì kò gba ìyẹn mọ́. Àfi kí wọ́n hú u dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n tún ilẹ̀ ibẹ̀ kì. Ó ń dunni pé a máa ń pé jọ ṣí títì tuntun, ṣùgbọ́n a kì í sábà rí ẹni tó ń padà lọ bá a pẹ̀lú ìkòkò ọ̀dà ní ọdún kẹta. Ìlà tó fẹ̀ bí ìka ọwọ́ lóṣù kìíní ṣì ṣeé dí kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀.