Ìtàn àti ìtàn-àròsọ ní etíkun Àgbádárìgì

Ẹni tó ń pàlọ́, kò sẹ́ni tó máa bi í pé níbo ló ti bá ìjàpá pàdé. Ẹni tó ń pìtàn ni wọ́n máa ń dá dúró pé, "Ta ló sọ ọ́ fún ọ?" Àárín àwọn méjèèjì ni òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ fìdí kalẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ní Àgbádárìgì wọn kì í jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ pẹ́. Bó bá ti ní òun fẹ́ kọ ìwé nípa ìlú, apá ìtàn ni wọ́n máa tì í sí, wọ́n á sì máa béèrè ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò yani lẹ́nu, nítorí ìtàn ni ìlú náà fi ń ṣe àlejò. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ajíhìnrere kọ́ parí lọ́dún 1845 ṣì dúró. Ojú ọjà ẹrú Vlekete wà níbẹ̀. Igi Àgíà tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù lábẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1842 ti wó láti 1959, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń wá wo ibi tó wà. Ní òdìkejì ọ̀sà, ní erékùṣù Gberefu, kànga kan wà tí wọ́n ní ẹrú tó bá mu omi rẹ̀ yóò gbàgbé ilé. Àwọn amọ̀nà a tún máa sọ fún àlejò pé inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ni Àjàyí Crowther ti túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Crowther dé Àgbádárìgì lọ́dún 1845, ó gba Abẹ́òkúta lọ lọ́dún 1846, odindi Bíbélì Yorùbá kò sì jáde títí di 1884. Ó lè ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kọ́. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé àwọn tó ń kìlọ̀ fún òǹkọ̀wé pé kó má fi iyọ̀ àti ata sí ìtàn, ìtàn tó ti níyọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Àríyànjiyàn lórí bóyá òǹkọ̀wé lè fi àròsọ kún ìtàn ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ ní etíkun náà. Àwọn kan ní òwò ẹrú kì í ṣe ohun tí à ń fi àtinúdá ṣe. Wọ́n ní ẹni tó bá fi irọ́ kún ẹkún àwọn tó ti kú, ó tún wọn tà lẹ́ẹ̀kejì ni. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n kò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn yòókù wá ń béèrè pé, àwọn tí wọ́n kó kọjá níbẹ̀, ta ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀? Olówò ka orí, ó kọ iye owó, kò kọ ohun tó wà lọ́kàn ìyá nígbà tí wọ́n já ọmọ gbà lẹ́yìn rẹ̀. Bí òǹkọ̀wé kò bá jókòó rò ó, kò sí ibòmíì tí a ti lè rí i. Ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí ni mo wà.

Ẹ wo Sẹ̀rìkí Williams Abass. Ìjógà-Òrílé ni wọ́n ti kó o lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé, ó dé Brazil, ó padà wá, òun náà sì di olówò ẹrú ní Àgbádárìgì. Ọdún 1919 ló kú. Yàrá ogójì tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ ni wọ́n fi ń júwe ọgbà rẹ̀ títí dòní. Òpìtàn lè fi ọdún tẹ̀lé ọdún, kó sọ ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Kí ló ń sọ fún ara rẹ̀ lóru ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi owó ra ènìyàn, òun tí wọ́n ti fi owó rà rí? Ìtàn-àròsọ nìkan ló lè wọ ibẹ̀. Ìwọlé náà kò sì rọrùn, nítorí àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó ta ẹrú ṣì wà nínú agbo ilé, òǹkọ̀wé ń kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀. Kò ṣàjèjì kí ọmọbìnrin kan ti kọ ìwé dé ìdajì, kí bàbá àgbà kan sọ fún un pé, "Rọra o, ọmọ mi," kí ọmọbìnrin náà sì ti ìwé náà mọ́ àpótí. Bàbá náà kò ṣẹ̀. Orúkọ ilé ló ń dáàbò bò.

Ó ti pẹ́ tí òǹkàwé Yorùbá ti ń fẹ́ kí àròsọ jẹ́ òótọ́. Lọ́dún 1929 ni Isaac B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, *Akéde Èkó*, bíi lẹ́tà tí obìnrin kan tó ti gbádùn ayé kọjá ààlà ń kọ lórí ibùsùn àìsàn. Àwọn èèyàn kọ̀wé sí olóòtú bí ẹni pé obìnrin náà wà láàyè ní àdúgbò kan l'Ékòó. Fágúnwà dé lọ́dún 1938, ó kó òǹkàwé wọ igbó irúnmalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi í ní ẹlẹ́rìí. Ọ̀nà méjèèjì ṣì ṣí sílẹ̀. Ní ìlú tí eégún Zangbeto ti ń fi aṣọ koríko jó yípo lóru, tí ọmọdé ń yọjú láti ojú fèrèsé, ẹni tó bá fẹ́ tọ ipa Fágúnwà kò ní wá ohun tí yóò kọ tì.

Ní ti wàhálà iṣẹ́ náà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ilé ìtẹ̀wé ń fẹ́ ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí òǹkọ̀wé mú owó ara rẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ ń fi fóònù kọ ọ́ lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, láìsí àmì ohùn, nínú ìtàn etí omi tí àìsí àmì kan ṣoṣo ti lè sọ ọkọ̀ di ọkọ.

Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ èdè. Láti 1963 tí alárìíwísí lítíréṣọ̀ Obi Wali ti kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn *Transition* pé ọ̀nà tí kò já síbì kan ni lítíréṣọ̀ Áfíríkà tí a ń fi èdè Òyìnbó kọ, àwọn Yorùbá náà ti ń sọ ọ́ pé kí olúkúlùkù fi èdè ìyá rẹ̀ kọ̀wé. Ní Àgbádárìgì, èdè Ogu, tí àwa ń pè ní Ẹ̀gùn, ni èdè ìyá ọ̀pọ̀lọpọ̀. Yorùbá ni èdè ọjà àti ti ilé-ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ti ẹ̀bùn ìwé kíkọ ńláńlá. Ọmọ Ogu tó fi Yorùbá kọ̀wé ti fi ohun kan sílẹ̀ nílé kó tó jáde, ó sì yẹ kí àwa tí à ń yìn ín pé kò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ìbá fẹ́ ka ìwé Yorùbá tí Ogu ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ láìsí pé òǹkọ̀wé ń túmọ̀ gbogbo gbólóhùn fún mi.

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Gberefu, ẹ ó rìn nínú iyanrìn tó ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ó sì gbọ́ òkun kí ẹ tó rí i. Ẹrú tí wọ́n mú ti òkè jíjìn wá, tí kò rí òkun rí, yóò gbọ́ ariwo náà níwájú, kò ní mọ ohun tó ń dún. Òǹkọ̀wé ní láti mọ ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lákòókò yẹn, èdè tó fi sọ ọ́, àti bóyá ẹni tí wọ́n dè mọ́ ọn gbọ́ èdè náà.